Jíjí lọ sí State Fair Minnesota pẹ̀lú ọmọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí èmi àti ọmọ mi obìnrin ti ń jí ní kùtùkùtù lọ sí State Fair, àwọn ará wa ní Brooklyn Park, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, kì í yéé bi mí léèrè bí a ṣe ń ṣe é. Ẹlòmíì ti ń gbé Minnesota fún ọdún mẹ́wàá láìdé ibẹ̀ rí. Ẹlòmíì lọ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán gangan, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí.

Kí ni State Fair gan-an? Ṣé trade fair ni?

Ó fi díẹ̀ jọ ọ́, nítorí wọ́n ń tajà níbẹ̀. Àmọ́ tìtorí iṣẹ́ oko ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, oko náà sì ni gbòǹgbò rẹ̀ títí dòní. Minnesota di ìpínlẹ̀ ní 1858, wọ́n sì ṣe State Fair àkọ́kọ́ ní 1859, kí àwọn àgbẹ̀ lè kó irè oko àti ẹran ọ̀sìn wọn tó dára jù lọ wá, kí àwọn onídàájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá gbégbá orókè ní ẹ̀bùn. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1885 ló ti wà lójú kan, ní Falcon Heights, láàárín Minneapolis àti St. Paul. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó éékà 322. Ọjọ́ méjìlá gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan níparí oṣù kẹjọ, ó sì máa ń parí ní Labor Day, ìyẹn ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Ní 2019, àwọn tó wọlé lé ní mílíọ̀nù méjì.

Ọdún tí wọn ò ṣe é kò pọ̀. Wọn ò ṣe é ní 1861 àti 1862 nítorí ogun, ní 1893 nítorí àfihàn àgbáyé tó wà ní Chicago, ní 1945 nítorí ọ̀wọ́n epo, ní 1946 nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ tó ń bá àwọn ọmọdé jà, àti ní 2020 nítorí Kòrónà. Ẹ wò ó, kí wọ́n tó lè fagi lé e, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti le.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ àárọ̀?

Nítorí pé àárọ̀ ni ibẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, èrò á ti pọ̀ débi pé ìdí àwọn àgbà nìkan ni ọmọdé á máa rí. Oòrùn á ti mú, ìlà á ti gùn níwájú gbogbo ìsọ̀. Ní aago méje, ọ̀tọ̀ ni. Títì tutù, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ò tíì gbẹ tán. Ẹ ó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, ẹ ó gbóòórùn kọfí àti koríko gbígbẹ, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé garawa omi lọ fún ẹran wọn pẹ̀lú oorun lójú.

Ìdí kan tún wà tó jẹ́ tèmi. Bàbá bàbá mi ń dáko ní ìgbèríko Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti máa ń wà lójú ọ̀nà oko, ìrì á rin mí lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ọmọ mi ò mọ ìrì oko. Ẹran tó mọ̀, inú ọ̀rá ní ilé ìtajà ló ti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan ń jí ní òru kí mílìkì tó dé inú fíríìjì wa, kó sì rí ẹni náà lójúkojú. Tí a bá dé ní ọ̀sán, ẹran á ti sùn, ẹni tó ni ín á ti lọ wá oúnjẹ.

Aago mélòó ni ká dé?

Aago méje ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn àbáwọlé. Ilé àfihàn tó pọ̀ jù lọ kì í ṣí títí di aago mẹ́sàn-án, ibi eré ọmọdé sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń torí èyí sọ pé kí la fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ ní aago méje. Wákàtí méjì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ó jẹun, ẹ ó rìn, ẹ ó wo bí wọ́n ṣe ń múra ẹran sílẹ̀. Ẹ yẹ ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti ọdún náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó jáde, torí àkókò lè yí padà.

Báwo la ṣe máa débẹ̀?

Ẹ gbé mọ́tò yín sí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní Park & Ride. Ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀, ọ̀fẹ́ náà sì ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ bọ́ọ̀sì A Line tó ń gba Snelling Avenue kọjá.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gbé ọmọ mi lọ, aago kan ọ̀sán ni mo wa mọ́tò débẹ̀ fúnra mi. Ó gbà mí ní wákàtí kan gbáko kí n tó ríbi gbé e sí, ní àdúgbò tó jìn, ọmọ sì ti sunkún sùn lẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tí a wọlé, kò ní okun kankan nínú mọ́. Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan.

Kí la máa jẹ ní àárọ̀?

Àwọn ìjọ kan ní yàrá ìjẹun tiwọn nínú ọgbà náà, àwọn ọmọ ìjọ ló sì ń sìn oníbàárà. Ìjọ Hamline ti ń ṣe é láti 1897. Ẹ ó jókòó sórí àga gidi, ìyá àgbà kan á gbé ẹyin díndín àti búrẹ́dì wá, á sì bi ọmọ yín pé ṣé ó sùn dáadáa. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí ó jọ ìgbà tí àwọn ìyá ìjọ bá ń pín oúnjẹ nílé wa lẹ́yìn ìkórè.

Ní ti ìjọ Salem Lutheran, kọfí wọn ni ẹ lọ mu. Swedish egg coffee, ìyẹn kọfí ẹlẹ́yin ti àwọn ará Sweden, ni wọ́n ń pè é: wọ́n á po ẹyin tútù mọ́ kọfí lílọ̀ kí wọ́n tó dà á sínú omi gbígbóná. Ẹyin náà á dì, á kó gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí mọ́ra, wọ́n á sẹ́ ẹ, omi kọfí á sì mọ́ kedere. Kò ní òórùn ẹyin rárá, kì í sì í korò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní cheese curds. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rú yín lójú, wàrà díndín ni. Ẹni tó bá ti jẹ wàrà díndín lójú ọ̀nà Ìlọrin rí, tó bu èyí jẹ, á mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tibí rọ̀ jù, ó sì máa ń fà bí ilá. Àgbàdo sísun náà wà. Wọ́n máa ń rì í bọ inú bọ́tà yíyọ́ kí wọ́n tó gbé e lé yín lọ́wọ́. Èmi máa ń ní kí wọ́n má rì tèmi, torí bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lẹ́bàá títì nílé ló bá mi lára mu.

Mùsùlùmí ni wá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò ha pọ̀ jù níbẹ̀?

Ó pọ̀. Sọ́séèjì tí wọ́n gún igi bọ̀, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò kí wọ́n tó dín in, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè irú ẹran tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè irú òróró tí wọ́n ń lò. Ẹja, àgbàdo, wàrà, èso àti mílìkì wà yanturu, nítorí náà ebi ò ní pa yín. Ilé àwọn ẹlẹ́dẹ̀, ẹ lè fò ó.

Ọmọ mi ò fọwọ́ kan màlúù rí, ẹ̀rù sì ń bà á. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fipá mú un. Ẹ kọ́kọ́ mú un dúró níbi tí wọ́n ti ń wẹ màlúù.

Ọdún àkọ́kọ́ tí a tètè dé, ọmọ ọdún mẹ́fà ni tèmi, ó sì lẹ̀ mọ́ itan mi bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ wà níwájú wa. Ó wọ bàtà òjò, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abo màlúù dúdú-funfun kan, ọṣẹ ń hó láti èjìká rẹ̀ dé ìdí ìrù. Ó fi omi ṣàn án. Ó wá gbé ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ó jọ èyí tí wọ́n fi ń gbẹ irun ní ìsọ̀ onídìrí ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ, ó ń fẹ́ ẹ sí màlúù náà lára. Irun rẹ̀ ń dìde, ó ń wólẹ̀, bíi koríko tí afẹ́fẹ́ ń dà láàmú.

Mo bi ọmọ mi pé, "Kí la máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́?" Ó yọjú láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, ó ní kí ló wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi òun bóyá màlúù náà ń ta èèyàn nípàá, kò sí ẹni tó kí òun rí nítorí iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Ó yọ kóòmù irin kan nínú àpò ẹ̀yìn, ó nà án sí ọmọ mi, ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Ọmọ mi wò mí, mo mi orí sí i. Ó fi kóòmù náà ya ìhà màlúù lẹ́ẹ̀kan, ó fà sẹ́yìn. Ó tún yà á. Nígbà tó máa fi yà á ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò di itan mi mú mọ́.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kí wọn fúnra rẹ̀. Ó máa ń lọ láti orí ẹran kan dé òmíràn, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́," bíi ìyàwó ilé tuntun. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní ìyẹn kẹ́ ẹ tó lọ.

Ní ti ìṣọ́ra: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹran kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ màlúù tàbí ẹṣin kọjá. Kò gbọ́dọ̀ sáré, kò gbọ́dọ̀ pariwo. Bàtà tó bo ọmọ ìka ni kó wọ̀, torí ìgbẹ́ ẹran wà nílẹ̀, pátákò màlúù sì wúwo.

Àwọn ọ̀dọ́ wo ló ń tọ́jú ẹran yìí? Ṣé òṣìṣẹ́ ni wọ́n?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ 4-H, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀sìn àti oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ borí ní àfihàn ìjọba ìbílẹ̀ wọn kí wọ́n tó dé ibí. Ilé 4-H ní yàrá ìsùn lókè, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn mọ́jú. Ìbẹ̀rẹ̀ àfihàn, láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ni tiwọn máa ń pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó lọ́mọ pé kó má dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Ó dára kí ọmọ rí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ohun alààyè.

Ṣé ilé ẹlẹ́dẹ̀ ò léwu fún ọmọdé?

Ẹlẹ́dẹ̀ lè kó flu, ìyẹn ọ̀fìnkìn líle, ran èèyàn. CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, ẹni tó ti pé ọdún 65, àti ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) tàbí ìtọ̀ ṣúgà má wọ ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ wà níbi àfihàn. Àwọn tó kù lè wọlé, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ mú oúnjẹ, ohun mímu, ohun ìṣeré tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọ wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá ti jáde nínú ilé ẹran kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọwọ́. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí mo ti rí òbí tó ń fún ọmọ ní kúkíìsì jẹ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ẹran.

Ẹni tí kò ní ìdíwọ́, kó lọ wo akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó gba ipò kìíní nínú títóbi. Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń ju 1,000 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn bí 450 kílò. Oorun ló sábà máa ń sùn.

Ṣó yẹ kí ọmọdé wo ibi tí ẹran ti ń bímọ?

Ibi tí ẹ ń sọ ni Miracle of Birth Center. Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ máa ń bímọ níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, dókítà ẹran á sì wà nítòsí. Èmi ní ó yẹ. Ní ayé bàbá mi, kò sí ọmọ tí kò rí i bí ewúrẹ́ ṣe ń bímọ nínú àgbàlá.

Ṣùgbọ́n ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ á wà, pé ìyá ẹran lè ké, pé ó lè pẹ́. Àwa dúró fún bí ogójì ìṣẹ́jú níwájú àgùntàn kan. Pátákò méjì ló kọ́kọ́ yọ, ó funfun, ó sì rọ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà, ó já sórí koríko. Ìyá rẹ̀ yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ta ló kọ́ ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ronú lé e títí a fi kúrò níbẹ̀.

Tí ọmọ bá ní òun ò fẹ́ wò ó mọ́, ẹ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi bọ́tà gbẹ́ ère?

Òótọ́ ni, ère orí èèyàn sì ni, nínú Dairy Building. Lọ́dọọdún láti 1954 ni wọ́n ti ń yan ọmọge kan tó máa ṣojú àwọn tó ń sin màlúù fún mílìkì. Princess Kay of the Milky Way ni wọ́n ń pè é. Òun àti àwọn tó bá a dé ìpele ìkẹyìn á jókòó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú yàrá onígíláàsì kan tó tutù bíi fíríìjì, tó sì ń yí po díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo èrò lè rí i. Wọ́n á wọ aṣọ òtútù. Odindi bọ́tà kan, tó wúwo tó 90 pọ́n-ùn, bí 41 kílò, ni agbẹ́gilére á gbé ka iwájú, á sì máa fi ọ̀bẹ yọ imú, ètè àti irun ọmọge náà jáde nínú rẹ̀. Linda Christensen ló ṣiṣẹ́ yìí láti 1972 títí di 2021, kó tó fà á lé Gerry Kulzer lọ́wọ́.

Ọmọ ilẹ̀ agbẹ́gilére ni wá, nítorí náà mo máa ń tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Bí àwọn agbẹ́gilére wa ṣe ń fi àáké là á kó tó kan ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń kọ́kọ́ gé igun ńlá kúrò, kó tó wá sí ojú. Ọmọge náà ló máa ń gbé bọ́tà rẹ̀ lọ sílé. Àwọn kan á fi se àsè fún ìlú, wọ́n á fi jẹ àgbàdo.

Ọmọ ń ké pé eré lòun fẹ́ ṣe. Ẹran ti sú u.

Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ye Old Mill, ọkọ̀ ojú omi tó ń gba inú òkùnkùn kọjá, ti wà níbẹ̀ láti 1915. Giant Slide náà, ibi gíga tí wọ́n ti ń yọ̀ wálẹ̀, kò gba àkókò. Méjì tó.

Wọ́n ní Roosevelt pa òwe ilẹ̀ wa níbẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1901, Theodore Roosevelt, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, sọ ọ́ ní State Fair yìí pé kéèyàn máa rọra sọ̀rọ̀, kó sì mú kùmọ̀ ńlá dání. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó di ààrẹ, nígbà tí ọta ìbọn tó ba Ààrẹ McKinley pa á. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1900, ó ní òwe Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni. Èmi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn àgbà wa. Mo ṣì máa ń sọ ìtàn náà fún ọmọ mi tí a bá ń rìn lọ, torí mo fẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n ti dárúkọ apá ibi tí a ti wá lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó dé.

Tí ọmọ bá sọnù ńkọ́?

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i lápá kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ ní àárọ̀ náà. Ẹ fi ibi kan hàn án tó jẹ́ pé tí ẹ bá ya ara yín, ibẹ̀ lẹ máa pàdé. Ní ọdún kan, mo yíjú láti sanwó, ọmọ mi ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ó wà níbi àwọn òròmọdìẹ tí a ti kọ́kọ́ kọjá. Bàtà àti aṣọ ọ̀ṣọ́ kò ṣe pàtàkì lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ tó ní àwọ̀ tó máa hàn ketekete ló ṣe pàtàkì.

Èló la máa mú dání?

Iye ìwọlé máa ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí àfihàn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń dín díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í sanwó. Ẹ mú ìgò omi àti èso láti ilé. Oúnjẹ inú ọgbà wọ́n, nítorí náà ẹ ra ẹyọ kan, kẹ́ ẹ jọ jẹ ẹ́. Ibi kan wà tí ẹ ti lè sanwó ẹ̀ẹ̀kan kẹ́ ẹ sì mu mílìkì títí ẹ ó fi ní ó tó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilé màlúù dé, kí ọmọ mọ ibi tí mílìkì ti wá.

Ìgbà wo ló yẹ ká kúrò?

Kó tó rẹ ọmọ. Àwa máa ń kúrò ní bí aago mọ́kànlá, nígbà tí èrò ń wọlé tìrítìrí. Lójú ọ̀nà àbájáde, a máa ń ra kúkíìsì gbígbóná ní Sweet Martha's, èyí tí wọ́n ń kó sínú garawa kékeré. Wọ́n máa ń kó o gàǹgà lórí, ìdérí ò ní lè bò ó. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́yin àti ọmọ jẹ àwọn tó wà lókè títí ìdérí á fi wọlé, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì.